Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Ìtòléra Iṣẹ́ Àtúnṣe Àwòrán Orí Kọ̀ǹpútà

Ayàwòrán tí ó bá ti òde ìnáwó dé ní Emùré-Ilé, ní agbègbè Ọ̀wọ̀, lè kó àwòrán bí ẹgbẹ̀rún kan wálé nínú kámẹ́rà rẹ̀. Kí olóde tó gba èyí tí ó fẹ́, iṣẹ́ náà yóò gba ipele púpọ̀ kọjá. Bí ọ̀gá bá wí fún ọmọ-iṣẹ́ pé 'lọ tún un ṣe', kò tíì sọ èwo nínú àwọn ipele náà ni ó ní lọ́kàn.

Orúkọ gbogbo iṣẹ́ náà ni ó kọ́kọ́ gba àròjinlẹ̀. 'Ètò-iṣẹ́' wọ́pọ̀ lẹ́nu, ṣùgbọ́n ìwé tí a ń tẹ̀ lé níbi ìpàdé ni ó ń mú wá sọ́kàn. 'Ìtòléra iṣẹ́' sàn jù, nítorí pé ó fi hàn pé ọ̀kan ní láti parí kí èkejì tó bẹ̀rẹ̀.

Láyé fíìmù, ohun-èlò fúnra rẹ̀ ni ó ń dáàbò bo iṣẹ́. Stephen Sprague, nínú àpilẹ̀kọ rẹ̀ ti 1978 nínú ìwé ìròyìn African Arts, ṣàlàyé bí àwọn ayàwòrán Ìlá-Ọ̀ràngún ṣe ń ya ìbejì tí ọ̀kan nínú wọn ti kú. Wọn a ya èyí tí ó wà láàyè, wọn a sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan náà bí ẹni pé àwọn méjèèjì jókòó pọ̀. Bí ó bá jẹ́ ọkùnrin àti obìnrin ni wọ́n, èyí tí ó kù ni yóò wọ aṣọ tirẹ̀, tí yóò sì tún wọ ti èkejì. Àtúnṣe ńlá nìyí. Síbẹ̀ nẹ́gẹ́tíìfù wà bí ó ti wà.

Lórí kọ̀ǹpútà, kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó gé etí àwòrán, tí ó sì tẹ 'fi pamọ́', lè ti fi tuntun pa ti àkọ́kọ́ rẹ́. Etí Yorùbá sì rèé, ohun tí a fi pamọ́ ni a tọ́jú kí ó má baà sọnù! Èyí tí ó pa ti ìṣáájú rẹ́ yẹ kí ó máa jẹ́ 'fi rọ́pò'; èyí tí ó dá òmíràn sílẹ̀, 'ṣẹ̀dà'. Lightroom, tí ilé-iṣẹ́ Adobe mú wá sọ́jà ní 2007, dá ètò nẹ́gẹ́tíìfù padà lọ́nà kan: kì í yí àwòrán inú fáìlì àkọ́kọ́ padà, àkọsílẹ̀ àtúnṣe ni ó ń tọ́jú lọ́tọ̀.

Fún fáìlì tí ó ti inú kámẹ́rà wá láìní àtúnṣe, ẹlòmíràn lè dá 'àwòrán tútù' lábàá, bí ẹran tútù. Ṣùgbọ́n àwòrán tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ nínú yàrá òkùnkùn náà tutù. 'Ògidì àwòrán' ni ó yẹ, bí a ti ń sọ ògidì ẹmu tí ẹnikẹ́ni kò bomi là.

'Ṣà' àti 'pa rẹ́' kò gbọ́dọ̀ dàpọ̀. Ẹni tí ó ń ṣa ẹ̀wà lè da òkúta nù lójú ẹsẹ̀. Ayàwòrán kò gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí àwòrán tí ojú ti dì lónìí lè jẹ́ ìkẹyìn tí ẹbí yóò ní nípa àgbàlagbà kan. Ìdí nìyí tí 'ṣẹ̀dà' fi ní láti ṣáájú 'ṣà'.

Ìsọlórúkọ ni ó le jù ní agbègbè yìí. Ohun tí Yorùbá àjùmọ̀lò ń pè ní 'ilé' ni 'ulé' nínú ẹ̀ka-èdè Ọ̀wọ̀, Ọ̀wọ̀ fúnra rẹ̀ sì ń jẹ́ 'Ọ̀ghọ̀'. Fódà méjì lè tipa bẹ́ẹ̀ wà fún ìlú kan ṣoṣo. Àmì tún dá kún un: 'ẹ́' kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo nínú Unicode, ọ̀nà tí a lè gbà tẹ̀ ẹ́ ju ẹyọ kan lọ, kọ̀ǹpútà tí kò bá sì mọ̀ pé ọ̀kan náà ni wọ́n kò ní rí ohun tí a ń wá. Kí ọdún, oṣù àti ọjọ́ ṣáájú orúkọ fáìlì, kí orúkọ ìlú tẹ̀ lé e láìní àmì: 2024-12-27-emure-ile. Nínú àlàyé abẹ́ àwòrán ni kí àmì ohùn àti ìpè ìbílẹ̀ wà.

Ìkẹyìn ni 'gbé jáde', tí kò gbọ́dọ̀ di 'tẹ̀ jáde', nítorí pé ẹ̀dà tí ó lọ sórí fóònù olóde kò tíì dé orí bébà.