Ta Ni Ó Ni Ilẹ̀ Tí Ẹ Fẹ́ Rà?

Ẹ̀yin ìyá àti arábìnrin mi, ilẹ̀ rírà ni ẹ̀kọ́ wa fún oṣù mẹ́ta yìí. Kì í ṣe ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn ni mo fẹ́ sọ.

Nígbà tí ìfẹ̀yìntì mi kù sí dẹ̀dẹ̀, mo ra púlọ́ọ̀tì kan ní abúlé kan ní Lágelú. Bàbá tí ó tà á fún mi ti ń dáko kòkó níbẹ̀ láti ìgbà èwe rẹ̀. Mo sanwó, mo gba rìsíìtì. Ìgbà tí a gbẹ́ ìpìlẹ̀ ni mọ́gàjí ìdílé kan dé láti Ìbàdàn. Àṣé ìṣákọ́lẹ̀ ni bàbá yìí ń san! Òun ló ni kòkó, òun kọ́ ló nilẹ̀. Mo tún owó ilẹ̀ san lẹ́ẹ̀kejì.

Nítorí náà, ẹ má bèèrè ẹni tí ń ro oko nìkan. Ẹ bèèrè ẹni tí ń gba ìṣákọ́lẹ̀. Ẹ bi baálé, ẹ bi àwọn tí oko wọn bá a pààlà. Bí ó bá jẹ́ ilẹ̀ ẹbí, olórí ẹbí àti àwọn àgbà ìdí-igi kọ̀ọ̀kan ni kí ó fọwọ́ sí ìwé. Bí ọmọ ẹbí kan bá dá a tà lẹ́yìn olórí ẹbí, òfo ni lójú òfin. Bí olórí ẹbí náà bá dá a tà láìjẹ́ kí àwọn àgbà mọ̀, ilé ẹjọ́ lè fagi lé e.

Lẹ́yìn èyí, kí lọ́yà tàbí awọnlẹ̀ yín mú àwòrán ilẹ̀ náà lọ sí Sẹkitéríàtì ní Àgodi. Nọ́ńbà tó wà lára àwòrán ni wọn yóò fi mọ̀ bí ìjọba bá ti gba ilẹ̀ náà. (Àwòrán nìkan kò sọ ẹnikẹ́ni di onílẹ̀ o.) Kí wọ́n yẹ ìwé ìjọba wò pẹ̀lú, bóyá wọ́n ti tà á tàbí fi yáwó ní báǹkì. Ilẹ̀ tó bá ti ní C of O, Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 ní kí Gómìnà fọwọ́ sí i kí ó tó di ti ẹlòmíràn.

Ní Amẹ́ríkà, ìnṣọ́ránsì wà fún irú ewu yìí. Philadelphia ni ilé iṣẹ́ àkọ́kọ́ ti bẹ̀rẹ̀ ní 1876. Bí ẹlòmíràn bá yọjú pé òun ló nilẹ̀, àwọn ni yóò rojọ́, tí yóò sì san òfò. Síbẹ̀, wọn a kọ́kọ́ tú ìwé ilẹ̀ wò kí wọ́n tó gba owó oníbàárà.

Arábìnrin tó bá ń ra ilẹ̀ lọ́wọ́, kí ó mú ẹ̀dà ìwé rẹ̀ wá sí ìpàdé, kí a jọ kà á. A ó wò ó bóyá orúkọ tirẹ̀ wà níbẹ̀, tàbí ti ọkọ rẹ̀ nìkan.