Iná Ẹni Mímọ́ Antonio: Ọ̀wọ̀ fún Ẹni Mímọ́, Ìjọsìn fún Ọlọ́run Nìkan

Ẹ̀kọ́ fún àwọn tí ń múra sílẹ̀ fún ìrìbọmi

Ìwé Mímọ́ láti kà: Mátíù 19, 16-22, Jòhánù 15, 1-8, 1 Tímótì 2, 1-6



Bí ọjọ́ ìrìbọmi yín ti ń súnmọ́lé, àwọn ẹbí àti ọ̀rẹ́ yóò máa bi yín ní ìbéèrè. Ọ̀kan tí ó máa ń le láti dáhùn ni èyí: «Wọ́n ní kí ẹ fi òrìṣà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn Àgùdà náà ń gbé ère kiri, wọ́n ń tan iná níwájú rẹ̀, wọ́n sì ń ṣe ọdún fún ẹni tí ó ti kú. Kí ni ìyàtọ̀?» Ẹ má ṣe bínú sí ẹni tí ó bi yín bẹ́ẹ̀, ẹ má sì ṣe dákẹ́. Ẹ jẹ́ kí a wo ọdún iná kan tí àwọn Kristẹni ń ṣe ní òkèèrè, kí a lè mọ ohun tí ọ̀wọ̀ fún ẹni mímọ́ jẹ́, àti ohun tí kì í ṣe.

1. Ọdún iná ní Novoli

Novoli jẹ́ ìlú kékeré kan ní gúúsù ilẹ̀ Ítálì, nítòsí Lecce. Ẹni mímọ́ alábòójútó ìlú náà ni Antonio ti Íjíbítì, tí ọdún rẹ̀ bọ́ sí ọjọ́ 17 oṣù Kìíní. Ẹ má ṣe ṣì í mú fún Antonio ti Padua, tí ère rẹ̀ máa ń gbé Jésù ọmọdé lọ́wọ́. Ó lé ní 900 ọdún tí ó wà láàrin àwọn méjèèjì.

Ní oṣù yẹn, nígbà tí ọyẹ́ ń fẹ́ lọ́dọ̀ tiwa, òtútù ńlá ni ó máa ń mú ní ilẹ̀ Yúróòpù. Àsìkò náà ni àwọn àgbẹ̀ ń gé ẹ̀ka àjàrà tí kò wúlò mọ́. Àwọn ará Novoli ń di ẹ̀ka wọ̀nyí ní ìdì-ìdì, wọ́n sì ń kó ọ̀pọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìdì jọ. Wọ́n á dúró lórí àkàbà, wọ́n á máa gbé e láti ọwọ́ dé ọwọ́, títí òkìtì náà yóò fi ga tó nǹkan bí mítà 25. Igi kan kì í dá igbó ṣe. Wọ́n ń fi àwòrán ẹni mímọ́ náà sí orí òkìtì, wọ́n ń súre fún àwọn ẹran ọ̀sìn, wọ́n sì ń gbé ère rẹ̀ yí ìlú ká. Ní alẹ́ ọjọ́ 16, wọ́n á tan iná sí òkìtì náà. Fòcara ni orúkọ tí wọ́n ń pè é.

2. Ta ni Antonio?

Ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ni. A bí i ní Íjíbítì ní nǹkan bí ọdún 251. Kò tíì ju ẹni bí ogún ọdún lọ nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ kú, tí wọ́n fi ilẹ̀ oko tí ó lọ́ràá sílẹ̀ fún òun àti àbúrò rẹ̀ obìnrin. Ní ọjọ́ kan ó wọ ilé Ọlọ́run, ó sì gbọ́ bí wọ́n ti ń ka ọ̀rọ̀ tí Jésù sọ fún ọ̀dọ́mọkùnrin ọlọ́rọ̀: kí ó ta ohun tí ó ní, kí ó fi fún àwọn tálákà, kí ó sì wá tẹ̀ lé òun. Ọ̀dọ́mọkùnrin inú Ìhìnrere bá ìbànújẹ́ lọ. Antonio ṣe ohun tí ó gbọ́. Ó fi ilẹ̀ rẹ̀ fún àwọn ará abúlé, ó ta ohun ìní rẹ̀ fún àwọn tálákà, ó fi àbúrò rẹ̀ sí ọ̀dọ̀ àwọn wúńdíá olùfọkànsìn, ó sì lọ gbé nínú aginjù fún àdúrà àti iṣẹ́ ọwọ́. Ó kú ní ọdún 356. Bíṣọ́ọ̀bù Atanasio ti Alẹkisáńdríà, tí ó kọ ìtàn ayé rẹ̀, sọ pé ó pàṣẹ kí a sin òun sínú ilẹ̀ níbi tí ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀, nítorí kò fẹ́ kí a máa gbé òkú òun ga.

3. Kí ló dé tí iná fi bá orúkọ rẹ̀ rìn?

Láyé àtijọ́, àrùn búburú kan jà ní Yúróòpù. Ọkà búrẹ́dì tí ó ti bàjẹ́ lóko ni ó ń fà á. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ aláìsàn á máa jó o bí iná, wọ́n á sì dúdú. Àwọn ènìyàn ń sá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Ẹni Mímọ́ Antonio ní gúúsù ìlà-oòrùn ilẹ̀ Faransé láti bẹ àdúrà rẹ̀, wọ́n sì wá ń pe àrùn náà ní «iná Ẹni Mímọ́ Antonio». Ní nǹkan bí ọdún 1095, ẹgbẹ́ àwọn arákùnrin kan bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ láti máa tọ́jú àwọn aláìsàn náà. Ẹ kíyè sí i: ọ̀wọ̀ fún ẹni mímọ́ bí ìtọ́jú aláìsàn.

4. Ìyàtọ̀

Àwọn kan yóò sọ fún yín pé ìránṣẹ́ Olódùmarè ni òrìṣà, gẹ́gẹ́ bí ẹni mímọ́ ti jẹ́. Òtítọ́ ni pé àwọn baba wa mọ̀ pé Olódùmarè ju gbogbo nǹkan lọ. Ṣùgbọ́n òrìṣà ni a ń rú ẹbọ sí, ìbínú rẹ̀ sì ni a ń bẹ̀rù bí a kò bá rú u. A kì í rú ẹbọ sí Antonio. Ẹni Mímọ́ Augustino ti ṣàlàyé èyí nínú ìwé rẹ̀ lórí Ìlú Ọlọ́run: a kì í rú ẹbọ sí àwọn ajẹ́rìíkú, Ọlọ́run àwọn ajẹ́rìíkú ni a ń rú ẹbọ sí. Ẹbọ kan ṣoṣo tí a ní ni ti Krístì nínú Mísà. Òun nìkan ni alárinà. Ohun tí a ń sọ fún ẹni mímọ́ ni pé kí ó gbàdúrà fún wa, bí a ti ń bẹ ara wa níhìn-ín pé kí a gbàdúrà fún ara wa.

Nítorí náà, bí Kristẹni kan ní Novoli tàbí ní Kétu bá rò pé iná tàbí eérú ni yóò dáàbò bo oko òun, tàbí pé ẹni mímọ́ yóò fìyà jẹ òun nítorí owó ọdún tí òun kò san, ó ti padà sí ohun tí ó sọ pé òun fi sílẹ̀. Katekísìmù Ìjọ (1675) kọ́ wa pé àwọn àṣà ìfọkànsìn bẹ́ẹ̀ ń fa ìsìn Ìjọ gùn ni, wọn kò lè rọ́pò rẹ̀.

5. Iná tiyín

Ní ọdún 386, ní ìlú Milano, Augustino, ọmọ Áfíríkà mìíràn, kò tíì gba ìrìbọmi. Ará ilé kan láti Áfíríkà sọ ìtàn Antonio fún un, ó sì gún un lọ́kàn. Ní Àìsùn Àjíǹde ọdún 387, Bíṣọ́ọ̀bù Ambrosio rì í bọmi. Bí ẹni mímọ́ ti ń ṣiṣẹ́ nìyẹn: kì í dá wa dúró sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó ń tì wá síwájú dé ọ̀dọ̀ Krístì.

Ẹ̀yin náà, ní Àìsùn Àjíǹde, ẹ ó kọ Sàtánì àti iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, a ó rì yín bọmi, a ó sì fi àbẹ́là tí a tàn láti ara àbẹ́là Àjíǹde lé yín lọ́wọ́. Iná kékeré ni, kò ga tó ìka ọwọ́. Ṣùgbọ́n iná Novoli á di eérú láàrin ọjọ́ díẹ̀. Èyí ni a ó ní kí ẹ pa mọ́ títí Olúwa yóò fi dé. Àgbẹ̀ kì í sun ẹ̀ka tí ń so èso. Ẹ wá ẹ̀ka gbígbẹ inú ayé yín: ìkórìíra, irọ́ òwò, oògùn tí ẹ ṣì fi pamọ́ sínú àjà. Ẹ gé e kí ọjọ́ náà tó pé.

Ìbéèrè fún àròjinlẹ̀

1. Kí ni Antonio ṣe pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí ó gbọ́, tí ọ̀dọ́mọkùnrin ọlọ́rọ̀ kò ṣe?
2. Báwo ni ẹ ó ṣe dá ẹbí yín lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ bí ó bá béèrè ìyàtọ̀ láàrin ẹni mímọ́ àti òrìṣà?
3. Orúkọ ẹni mímọ́ wo ni ẹ fẹ́ gbà ní ìrìbọmi? Kí ni ẹ mọ̀ nípa ìgbé ayé rẹ̀?

Àdúrà

Olúwa Ọlọ́run, ìwọ tí o pe Antonio láti inú oko baba rẹ̀, la etí wa kí a lè gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ, kí a sì ṣe é. Jẹ́ kí iná tí a ó gbà ní ọjọ́ ìrìbọmi wa má ṣe kú láéláé. Nípasẹ̀ Krístì Olúwa wa. Àmín.