Ẹ̀kọ́ Kẹrìnlá: Àbàtà Etí Òkun ní Jédà

Kí ẹ tó kà á

Ẹ fi Yorùbá bá ẹnì kejì yín sọ̀rọ̀ lórí ìbéèrè wọ̀nyí: Odò tàbí adágún wo ló wà nítòsí ilé yín? Ta ló ń da ìdọ̀tí sí i? Ewéko tàbí ẹranko wo ni ẹ mọ̀ tí kì í ṣe ọmọ ìbílẹ̀ àdúgbò yín?

Lẹ́yìn náà, ẹ ka àyọkà yìí lẹ́ẹ̀mejì. Ní ìgbà àkọ́kọ́, ẹ má ṣí ìwé atúmọ̀-èdè.

Àyọkà

*1. Àbàtà nínú aṣálẹ̀*

Bí ẹ bá bi Mùsùlùmí Yorùbá kan tó ti lọ sí Hájì pé kí ló rí ní Sáúdí, yóò sọ fún yín nípa Káábà, òkè Arafá, omi Sámúsámù àti oòrùn tó ń ta. Bóyá ni yóò dárúkọ àbàtà. Bẹ́ẹ̀ sì ni Jédà, ìlú èbúté létí Òkun Pupa, ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òfurufú àwọn onílẹ̀ Hájì ń balẹ̀ sí kí mọ́tò tó gbé wọn lọ sí Mẹ́kà, ìrìn tí kò tó ọgọ́rùn-ún kìlómítà. Létí òkun yẹn, ní àríwá àti ní gúúsù Jédà, àbàtà wà.

Àbàtà ibẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa. Ní Èkó àti ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, omi odò ló ń pàdé omi òkun. Ṣùgbọ́n kò sí odò kankan tó ń ṣàn wọ inú Òkun Pupa tẹ̀ẹ̀rùn-tòjò. Omi òkun fúnra rẹ̀ ló ń wọ orí ilẹ̀ pẹrẹsẹ tó sì ń di ọ̀sà kéékèèké, iyọ̀ rẹ̀ sì pọ̀ ju ti ọ̀pọ̀ òkun ayé lọ. Síbẹ̀, igi mangrove kan ń hù níbẹ̀. Orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ ni Avicennia marina. Gbòǹgbò rẹ̀ ń yọrí láti inú ẹrẹ̀ bí ìka ọwọ́ kí ó lè mí, ewé rẹ̀ sì ń ti iyọ̀ jáde bí ara ènìyàn ṣe ń làágùn. Ọmọ ẹja àti edé ń sá pamọ́ sáàárín gbòǹgbò náà títí wọn yóò fi dàgbà. Ẹrẹ̀ tí ìgbì ìbá gbé lọ ń dúró sí ìdí rẹ̀. Irú igbó bẹ́ẹ̀ wà ní Ṣuáíbà, ní gúúsù Jédà. Ibẹ̀ ni èbúté Mẹ́kà láyé àtijọ́, kí Kálífà Uthman tó sọ Jédà di èbúté ní ọdún 647.

*2. Àwọn àjòjì*

Ẹ̀dá kan lè bá ènìyàn dé ilẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀, kí ó sì pọ̀ débi pé ó ń lé onílé jáde. Nínú ẹ̀kọ́ yìí, a ó máa pe irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ ní àjòjì agbalẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni kannakánná ilẹ̀ Íńdíà. Kannakánná tiwa láyà funfun. Ọrùn ti Íńdíà rí bí eérú. Ọkọ̀ ojú omi ló wọ̀ dé àwọn èbúté Òkun Pupa, Jédà sì wà lára wọn. Ó ń jẹ ẹyin àti ọmọ àwọn ẹyẹ mìíràn.

Èkejì ni igi ẹlẹ́gùn-ún kan, Prosopis juliflora, tó wá láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Àwọn ènìyàn gbìn ín nítorí òjìji àti kí ó lè dá yanrìn dúró. Gbòǹgbò rẹ̀ jìn púpọ̀, ó sì ń mu omi abẹ́lẹ̀. Ràkúnmí àti ewúrẹ́ ń jẹ èso rẹ̀, wọ́n sì ń fi ìgbẹ́ wọn gbìn ín káàkiri àwọn àfonífojì ìwọ̀-oòrùn Sáúdí.

Ẹ fi èyí wé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa. Ní ọdún 1984, ewéko ojú omi kan, tí orírun rẹ̀ jẹ́ Gúúsù Amẹ́ríkà, gba ojú omi láti ilẹ̀ Benin wọ Badagry. Òdòdó rẹ̀ dára lójú, ṣùgbọ́n ó ń dí ọ̀nà ọkọ̀ apẹja, kì í sì í jẹ́ kí oòrùn kan omi. Àwọn Yorùbá kan sọ ọ́ ní gbéborùn, orúkọ tí à ń pe ẹni tó ń gbé ọ̀rọ̀ kiri láti ilé dé ilé. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí omi iyọ̀ bá wọ ọ̀sà Èkó, púpọ̀ nínú rẹ̀ a máa kú. Nítorí náà, gbéborùn kò lè gbé inú Òkun Pupa.

*3. Ta ló la ògiri?*

Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Kannakánná Íńdíà kì í gbé níbi tí kò bá sí ènìyàn, nítorí ààtàn wa ni ilé oúnjẹ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lé e kúrò létí òkun, kí ó kọ́kọ́ bo ìdọ̀tí rẹ̀. Igi ẹlẹ́gùn-ún náà kò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn kọjá òkun. Ènìyàn ló gbé e wá.

Ọ̀pọ̀ ìbàjẹ́ tilẹ̀ wà tí kò sí àjòjì kankan nínú rẹ̀. Nígbà tí owó epo mú kí Jédà gbòòrò, wọ́n da ilẹ̀ sínú òkun tí kò jìn kí wọ́n lè ṣe ọ̀nà etí òkun. Àwọn ràkúnmí ń jẹ ewé mangrove. Nítòsí Balad, ìlú àtijọ́ tí UNESCO kà mọ́ ohun àjogúnbá ayé ní ọdún 2014, omi ẹ̀gbin ṣàn wọ ọ̀sà Arba'een títí ó fi rùn. Ní Àfonífojì Fatimah, láàárín Jédà àti Mẹ́kà, wọ́n fa omi abẹ́lẹ̀ títí ọ̀pọ̀ ìsun fi gbẹ.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọkọ̀ táńkà ń kó omi ẹ̀gbin láti inú kòtò ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ dà sí àfonífojì kan ní ìlà-oòrùn Jédà. Ó di adágún ńlá. Àwọn ará ìlú sọ ọ́ ní Adágún Misk. Òórùn dídùn ni misk. Ẹ wo bí ẹlẹ́yà ṣe ń rán wọn lọ́wọ́ láti sọ ohun tó ń dùn wọ́n, bí gbéborùn ṣe ṣe fún tiwa!

Ní ọjọ́ 25, oṣù kọkànlá, ọdún 2009, ọjọ́ tí iṣẹ́ Hájì bẹ̀rẹ̀, òjò ńlá rọ̀ ní Jédà. Wọ́n ti kọ́ ilé àti ọ̀nà sí ojú àgbàrá. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó kú. Ẹ̀rù sì ń ba ará ìlú pé Adágún Misk yóò ya lù wọ́n. Ògiri rẹ̀ kò wó, wọ́n sì gbẹ́ omi rẹ̀ tán ní ọdún tó tẹ̀ lé e.

Láti ọdún 2021, ìjọba Sáúdí ti ń kéde ètò igi gbígbìn ńlá, mangrove sì wà nínú rẹ̀. Ó dára. Ṣùgbọ́n igi tí a gbìn lónìí kò lè ṣe iṣẹ́ igbó tí ọ̀sà rẹ̀ ṣì ń gba omi ẹ̀gbin.

Ọ̀rọ̀ tuntun

*àbàtà*: ilẹ̀ tí omi máa ń bò, tó sì rọ̀ lẹ́sẹ̀
*ọ̀sà*: omi fífẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkun
*ààtàn*: ibi tí a ń da ìdọ̀tí sí
*àgbàrá*: omi òjò tó ń ṣàn lórí ilẹ̀
*ìsun*: ibi tí omi ti ń jáde láti inú ilẹ̀

Ẹ kíyè sí ohùn

Gbà + ilẹ̀ di *gbalẹ̀*: ohùn ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe *gbà* di ohùn àárín nígbà tí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀ lé e. Gbá + ilẹ̀ di *gbálẹ̀*: ohùn òkè kò yí padà. Nítorí náà, *agbalẹ̀* ń gba ilẹ̀ onílẹ̀, *agbálẹ̀* sì ń fi ọwọ̀ gbá a. Bí ẹ bá ṣi ohùn yìí pè, ẹ ó sọ olè di òṣìṣẹ́!

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Báwo ni mangrove ṣe ń gbé inú omi iyọ̀? Ẹ sọ ọ̀nà méjì.
2. Kí ló dé tí gbéborùn kò fi lè gbé inú Òkun Pupa?
3. Ẹ lo *bí . . . bá . . .* láti kọ gbólóhùn mẹ́ta nípa Jédà. Àpẹẹrẹ: Bí òjò bá rọ̀, àgbàrá yóò wá ọ̀nà rẹ̀.
4. Ẹ pín ara yín sí ọ̀nà méjì kí ẹ jiyàn. Àwọn kan ní kí a pa kannakánná. Àwọn kejì ní kí a kọ́kọ́ bo ààtàn. Ẹ fi òwe kan ti ọ̀rọ̀ yín lẹ́yìn.
5. Ẹ kọ àádọ́jọ ọ̀rọ̀ nípa omi kan ní ìlú yín. Ẹ sọ ẹni tó la ògiri, àti ẹni tó yẹ kó dí i.