Flywheel Tó Fúyẹ́: Kí Ló Ń Fún Mọ́tò, Kí Ló sì Ń Gbà Lọ́wọ́ Rẹ̀?

Ṣé o ti dúró rí níwájú àwọn tó ń fi ẹ́ńjìnnì lọ ata lọ́jà? Wo ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì náà dáadáa: wàá rí irin ńlá róbótó kan tó ń yí ṣáá. Irin yẹn ni wọ́n ń pè ní flywheel. Tí wọ́n bá pa ẹ́ńjìnnì, kì í dúró lójú ẹsẹ̀; á ṣì máa yí lọ fún ìgbà díẹ̀. Irú rẹ̀ wà nínú gbogbo mọ́tò oní-clutch, ṣùgbọ́n ó fara pamọ́ sáàárín ẹ́ńjìnnì àti gearbox, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ wa ò fi mọ̀ ọ́n.

Ẹni tó bá ra mọ́tò spọ́ọ̀tì àtijọ́ tó jẹ́ tòkunbọ̀ kì í pẹ́ gbọ́ ìmọ̀ràn kan: "Yọ flywheel ẹ̀, fi èyí tó fúyẹ́ sí i, mọ́tò ẹ á máa fò." Ṣé òótọ́ ni? Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé Eleko lò ń gbé, tó o sì ń wa mọ́tò náà lọ sí Ajah láràárọ̀, jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣe ìṣirò kí owó tó jáde lápò.

Iṣẹ́ tí flywheel ń ṣe

Agbára ẹ́ńjìnnì kì í wá ní dọ́gbadọ́gba. Epo á gbiná, á ti písítìn sísàlẹ̀, agbára á dé. Lẹ́yìn náà, kò ní sí nǹkan kan mọ́ títí epo á tún fi gbiná. Nínú ẹ́ńjìnnì oní-písítìn kan, irú bíi Lister CS 6/1 àtijọ́ tó máa ń yípo nígbà 650 ní ìṣẹ́jú kan, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni epo ń gbiná nínú ìyípo méjì. Flywheel ló ń gba agbára pa mọ́ nígbà tó bá dé, tó sì ń ná an nígbà tí kò bá sí. Kólò ni. Ìdí nìyẹn tí ti ẹ́ńjìnnì alọta fi máa ń tóbi. Ní ti mọ́tò oní-písítìn mẹ́rin, epo ń gbiná lẹ́ẹ̀kan ní ìdajì ìyípo kọ̀ọ̀kan, torí náà kólò tirẹ̀ lè kéré.

Ojú flywheel yìí kan náà ni clutch ń lẹ̀ mọ́, eyín tó yí etí rẹ̀ ká sì ni starter ń gbá mú tí ẹ́ńjìnnì fi ń jí.

Ìwúwo nìkan kọ́, ibi tí ìwúwo wà ni

Fún irin pẹlẹbẹ róbótó, bó ṣe le tó láti mú un yí ni: ½ × ìwúwo × r × r. Lẹ́tà r yẹn ni jíjìn láti àárín dé etí. Nítorí pé ẹ̀ẹ̀mejì ni r wọ inú ìṣirò náà, kìlò kan tó wà ní sẹ̀ǹtímítà 14 sí àárín ń ṣiṣẹ́ ìlọ́po mẹ́rin kìlò tó wà ní sẹ̀ǹtímítà 7.

Ká sọ pé flywheel kan wúwo tó kìlò 8, r rẹ̀ sì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 14: ½ × 8 × 0.14 × 0.14 = 0.078. Tá a bá fi oní-kìlò 4 tó fẹ̀ bákan náà rọ́pò rẹ̀, ó di 0.039. A ti gé e sí ìdajì.

Jíà ló ń sọ èrè

Jẹ́ ká mú Mazda MX-5 onílítà 1.6, tó jáde ní 1989, ṣe àpẹẹrẹ. Tó bá wà ní jíà kìíní, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ á yí bíi ìgbà 13.5 kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan. Ní jíà kẹrin, ìgbà 4.3 péré ni. Bí jíà bá ṣe kéré tó, bẹ́ẹ̀ ni flywheel ṣe ní láti sáré tó kí mọ́tò tó lè yára díẹ̀. Tá a bá ṣírò rẹ̀, kìlò 4 tá a gé yẹn dà bí ìgbà tá a sọ ẹrù yìí kalẹ̀ nínú mọ́tò:

- Jíà kìíní: nǹkan bíi kìlò 85
- Jíà kejì: nǹkan bíi kìlò 31
- Jíà kẹrin: nǹkan bíi kìlò 9
- Jíà karùn-ún: nǹkan bíi kìlò 6

Ní jíà kìíní, ó dà bí ìgbà tí géńdé ọkùnrin kan bọ́ sílẹ̀. Ní jíà karùn-ún, àpò ìrẹsì kékeré ni. Kí èyí yé wa o: agbára ẹ́ńjìnnì ò lé rárá. Agbára tí irin yẹn ì bá gbà kó tó lè yí ló kàn dín kù. Tó o bá ti ń sáré geere lójú kan, ìyàtọ̀ ò sí.

Owó tí wàá san nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ

Kólò kékeré kì í gba owó púpọ̀. Tí ẹ́ńjìnnì bá ń yípo nígbà 1,500 ní ìṣẹ́jú kan, flywheel oní-kìlò 8 wa tọ́jú nǹkan bíi joule 970. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó agbára tó wà nínú MX-5 àti awakọ̀ rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń rọra lọ bí ẹni fẹsẹ̀ rìn. Èyí tó fúyẹ́ tọ́jú ìdajì rẹ̀ péré.

Wá gbé e dé ojú ọ̀nà Lekki sí Ẹ̀pẹ́ láàárọ̀ Mọ́ńdè. Wàá sún, wàá dúró, wàá tún sún. Nígbàkígbà tó o bá fẹ́ sún, o ní láti tẹ tọ́tù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kó o sì jẹ́ kí clutch yọ̀ pẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ́ńjìnnì á kú. Clutch á máa gbóná, á sì máa jẹ. Tí AC bá tún wọlé nígbà tó o dúró, ìyípo ẹ́ńjìnnì á já wálẹ̀ kíá, mọ́tò á máa gbọ̀n. Lójú ọ̀nà tí kò díjú, tàbí níbi ìdíje, ìyípo tó ń tètè gòkè tó sì ń tètè sọ̀ yìí dùn púpọ̀, torí jíà á máa wọlé wéréwéré. Nínú gosló, ìyà ni.

Má jẹ́ kí wọ́n fá a

Ibi tí ẹ̀mí ti wọ ọ̀rọ̀ yìí rèé. Àwọn kan á ní kó o má ra tuntun, pé kó o gbé ti tẹ́lẹ̀ lọ sọ́dọ̀ onílathe kó fá a. Cast iron, ìyẹn irin tí wọ́n yọ́ dà sínú mọ́ọ̀dù, ni wọ́n fi ṣe ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ó lè gbé ẹrù tó bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n tí nǹkan bá ń fà á ya, kò lágbára tó bẹ́ẹ̀.

Tí ẹ́ńjìnnì bá sì ń yípo nígbà 6,500 ní ìṣẹ́jú kan, etí flywheel oní-sẹ̀ǹtímítà 14 ń sáré tó nǹkan bíi kìlómítà 340 ní wákàtí kan. Gíráàmù kan péré létí rẹ̀ ń fa irin síta bí ẹrù kìlò 6.6. Tí wọ́n bá ti fá a tinrín jù, tí ooru clutch sì ti là á lára, ó lè fọ́ yángá. Ẹsẹ̀ awakọ̀ ò sì jìnnà síbẹ̀. Irú ìjàm̀bá yìí nínú eré mọ́tò wà lára ìdí tí àjọ SFI ní Amẹ́ríkà fi ṣe òfin ìdánwò SFI 1.1 fún flywheel àti clutch.

Tó o bá ṣì fẹ́ ẹ

Ra èyí tí wọ́n dìídì ṣe, yálà onírin steel tàbí ti aluminium tí wọ́n fi steel bo ojú rẹ̀ níbi tí clutch ń gbá. Ní kí wọ́n báláǹsì rẹ̀: gíráàmù 10 tó pọ̀ jù lápá kan, bíi kìlò 66 ló máa fi ń já crankshaft gbà ní 6,500 yẹn. Dúró dìgbà tí clutch rẹ bá jẹ, torí gearbox gbọ́dọ̀ wálẹ̀ lọ́jọ́ náà lọ́nàkọnà. Bóòtù tuntun ni kí mẹkáníìkì lò, kó sì fi torque wrench dì í bí ìwé mọ́tò náà ṣe sọ.

Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ Eleko sí Ajah ni ìrìn rẹ lójoojúmọ́, jẹ́ kí kólò yẹn wà bó ṣe wà. Fi owó náà ra clutch gidi àti táyà tí kò tíì pẹ́. Ìyẹn wúlò ní gbogbo jíà.