Kánò Kò Parí sí Sábóńgàrí

Ará Adégbàyí n’Íbàdàn á wọkọ̀ ní Ìwó Road, á sùn ní Sábóńgàrí láàárín àwọn Yorùbá ẹgbẹ́ ẹ̀, á jẹ àmàlà, á padà wálé wá máa sọ pé òun mọ Kánò. Kánò wo? Ẹ̀yìn odi ni Sábóńgàrí wà, ibi tí ìjọba òyìnbó yà sọ́tọ̀ fún àwa àlejò. Ẹ gba ẹnubodè Kofar Mata wọlé, ẹ ó mọ ohun tí mò ń wí.

Ọba Gijimasu, tó jẹ láti 1095 sí 1134, ló bẹ̀rẹ̀ odi náà. Muhammadu Rumfa, tó gorí oyè ní 1463, ló fẹ̀ ẹ́, òun ló kọ́ ààfin Gidan Rumfa, òun náà ló dá ọjà Kurmi sílẹ̀. Ìbàdàn tiwa ò tíì sí lójú àlá ẹnikẹ́ni nígbà náà. Odi ti wó níbi tó pọ̀, ṣùgbọ́n ààfin ṣì ni ààfin, wọ́n sì ń ná Kurmi dòní.

Ní Kofar Mata náà ni kòtò aró wà. Wọ́n ní láti 1498 ni. Ọkùnrin ló ń rẹ aṣọ níbẹ̀, inú ilẹ̀ ni wọ́n sì ń rẹ ẹ́ sí, kì í ṣe inú ìkòkò bíi tàwọn ìyá wa. Ẹ tún dé Gidan Makama tó ti di mùsíọ́mù, kẹ́ ẹ gbójú sókè: igi tí wọ́n ń pè ní azara ló gbé àjà amọ̀ yẹn dúró, ikán kì í jẹ ẹ́.

Ohun tó ń bí mi nínú gan-an nìyí. Zaure ni yàrá àkọ́kọ́ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìbílẹ̀ wọn. Ibẹ̀ ni àlejò ń dúró sí. Ẹ kí wọn, “Sàláámù àlékùn”, kẹ́ ẹ dákẹ́. Bẹ́ ẹ bá kí lẹ́ẹ̀mẹta tí ẹnikẹ́ni ò dáhùn, ẹ yáa máa lọ, kò sí ìbínú níbẹ̀. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ kọ́ ọ tí ilẹ̀kùn ìta ò fi dojú kọ ti inú ni, kí ẹni tó ń kọjá má baà rí àwọn obìnrin nínú àgbàlá. Obìnrin lè wọlé bí wọ́n bá pè é. Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ jókòó síbi tẹ́ ẹ wà. Àwọn tiwa á wá gbé fóònù sókè, wọ́n á ti ya fọ́tò dé ìdí ààrò. Ṣé wọn kì í ké “Àgò onílé o” nílé baba wọn ni?

Láàárọ̀, ẹ wá ìyá tó ń dín másà. Ìrẹsì ni. Kó gbóná, kí etí rẹ̀ le díẹ̀, kí àárín rẹ̀ rọ̀, kẹ́ ẹ fi jẹ taushe, ọbẹ̀ elégédé wọn. Ẹ má béèrè àmàlà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni níbẹ̀ o, ẹ jọ̀ọ́.

Owó ọkọ̀ ńkọ́? Èyí tí mo mọ̀ ni ti ìgbà tí wọn ò tíì yọ owó ìrànwọ́ orí epo. Ẹ béèrè ní gáréèjì. Ẹ ṣáà má rin òru.