Gìrì Mú Ọmọ Lóru

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ilé kan wà ní Malete, ní ìjọba ìbílẹ̀ Moro. Ọmọ ọdún méjì kan ń bẹ nínú ilé náà. Láti ọ̀sán ni ara rẹ̀ ti gbóná. Kò jẹ wàrà, kò mu ẹ̀kọ. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, ìyá rẹ̀ tẹ́ ẹ sórí ẹní. Lójijì, ojú ọmọ yí sókè. Ọwọ́ rẹ̀ le, ẹsẹ̀ rẹ̀ le, gbogbo ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Itọ́ ń hó lẹ́nu rẹ̀. Ìyá rẹ̀ figbe ta.

Ìyá àgbà sáré jáde láti inú yàrá.

“Gìrì ni! Ìyàwó, má jókòó síbẹ̀. Ẹ rán ẹnì kan sí gáà àwọn Fúlàní, kí wọ́n bu ìtọ̀ màlúù wá. Tábà ńkọ́? Aáyù ńkọ́? Ẹ mú ṣíbí wá, ẹ fi sí i lẹ́nu, kó má baà gé ahọ́n ara rẹ̀ jẹ!”

“Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Wọ́n ti sọ fún wa níbi tí a ti ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára pé kí a má fi nǹkan kan sí i lẹ́nu.”

“Àwọn wo ló sọ bẹ́ẹ̀? Ọmọ mẹ́jọ ni mo bí. Kí ni mo fi tọ́ ọkọ rẹ?”

Ta ni kí a gbọ́ tirẹ̀ nínú àwọn méjèèjì? Irú ọ̀rọ̀ báyìí ń ṣẹlẹ̀ ní ilé púpọ̀. Ìfẹ́ ọmọ ló ń sún ìyá àgbà, ìfẹ́ ọmọ náà ló ń sún ìyàwó. Ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ wò ó.

Kí ni gìrì?

Ọpọlọ ni ó ń darí ara. Òun ló ń rán iṣẹ́ sí ọwọ́ pé kó gbé, sí ẹsẹ̀ pé kó rìn. Ẹ rántí bí àwọn onílù ti ń ṣe ní ibi ìnáwó. Ìyáàlù ń sọ̀rọ̀, àwọn ìlù kéékèèké ń tẹ̀lé e, olúkúlùkù mọ ìgbà tí yóò lù àti ìgbà tí yóò dákẹ́. Bí gbogbo wọn bá ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í lu ìlù lẹ́ẹ̀kan náà, tí ẹnikẹ́ni kò tẹ́tí sí ẹnìkejì, ariwo lásán ni yóò kù. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọpọlọ ọmọ ń rí nígbà tí gìrì bá mú un. Gbogbo rẹ̀ ń ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ara sì ń gbọ̀n láìsí ìdarí.

Ọpọlọ ọmọdé kò tíì gbó. Nítorí náà, bí ara rẹ̀ bá gbóná gan-an, ó lè dàrú bẹ́ẹ̀. Láti ọmọ oṣù mẹ́fà títí dé ọmọ ọdún márùn-ún ni gìrì tí ara gbígbóná ń fà sábà máa ń mú ọmọ. Ní ilẹ̀ wa níbí, ibà tí ẹ̀fọn ń fà ni ó pọ̀ jù nínú ohun tó ń mú ara ọmọ gbóná. Etí dídùn, ikọ́ àti ọ̀nà ọ̀fun dídùn lè fà á pẹ̀lú. Kì í ṣe ẹyẹ òru ni, kì í sì í ṣe ọwọ́ orogún.

Kí ló dé tí àwọn àgbà fi gbà pé àgbo gbéṣẹ́?

Ibí yìí ni kí ẹ ti kà á dáadáa. Púpọ̀ nínú irú gìrì yìí máa ń dáwọ́ dúró fúnra rẹ̀ láàrin ìṣẹ́jú mélòó kan. Kí wọ́n tó gún tábà, kí wọ́n tó bu ìtọ̀ màlúù, kí wọ́n tó là á lẹ́nu, gìrì náà ti ń lọ. Ọmọ á dákẹ́, á sùn, á sì jí. Gbogbo ilé á wí pé, “Àgbo náà ti ṣiṣẹ́!” Bí àkùkọ tó kọ, tí ilẹ̀ wá mọ́, tí ó ń sọ pé òun ni òun mú oòrùn wá. Ìyá àgbà kò purọ́. Ohun tó fojú rí ló ń sọ.

Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ kan wà tí wọn kò jí. Àwọn wọ̀nyí ni àwọn dókítà ń rí ní ilé ìwòsàn, tí ilé kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn. Wọ́n á gbé ọmọ dé, á máa sùn bí ẹni tó kú, mímí rẹ̀ á rọlẹ̀, òórùn àgbo á sì ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Àwọn dókítà ọmọdé bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn pé, gìrì ló ṣe ọmọ yìí báyìí ni, àbí ohun tí a fún un mu?

Àwọn olùwádìí wá gbé àgbo náà yẹ̀ wò. Ìtọ̀ màlúù, ewé tábà, aáyù, ẹfinrin, àlùbọ́sà àti àwọn nǹkan mìíràn ni wọ́n ń pò pọ̀. Ní 1976, wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde tí wọ́n fi eku ṣe. Àgbo náà mú kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ eku lọ sílẹ̀. Ní 1977, òmíràn jáde, èyí tí wọ́n fi ajá ṣe, wọ́n sì rí i pé àgbo náà ń da lílù ọkàn àti mímí láàmú. Oró inú tábà, tí à ń pè ní nicotine, wà lára ohun tó ń ṣe é. Àgbàlagbà tó ń fín áṣáà mọ bí orí ti ń yí ẹni tí kò bá mọ́ lára. Kí ni ẹ rò pé ife àgbo tábà yóò ṣe fún ọmọ ọdún méjì?

Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ni oúnjẹ ọpọlọ. Bí ó bá tán, ọpọlọ á bàjẹ́. Ọmọ tó yè lè má sọ̀rọ̀ mọ́, tàbí kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan rọ. Àwọn ará ilé á wá sọ pé gìrì ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan máa ń ti ẹsẹ̀ ọmọ sínú iná, wọ́n á ní kí ó lè mọ̀ ọ́n lára kó sì jí. Àwọn mìíràn ń bu ata sí i lójú. Ọmọ tí gìrì mú kò lè gbọ́ ìrora lásìkò náà. Ìgbà tó bá jí ni yóò bá ọgbẹ́ lẹ́sẹ̀. Èmi kò lè sọ èyí kí n má bínú, ẹ dárí jì mí.

Ṣé gìrì ni wárápá?

Rárá o. Gìrì tí ara gbígbóná ń fà ń lọ bí ọmọ bá ti ń dàgbà. Nínú ọmọ mẹ́ta tí ó mú lẹ́ẹ̀kan, nǹkan bí ọ̀kan ni yóò tún mú. Díẹ̀ péré nínú wọn ni yóò ní wárápá lẹ́yìn ọ̀la. Wárápá máa ń mú ènìyàn léraléra, bí ara rẹ̀ kò tilẹ̀ gbóná.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun ti Ìbàdàn, tó kú ní 1995, fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí àrùn ọpọlọ. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣètò ìwádìí ní Igbó-Ọrà, láti ilé dé ilé, láàrin ènìyàn tó tó 19,000. Ní 1987 ni wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde: nínú ènìyàn 1,000, nǹkan bí márùn-ún ló ní wárápá. Ẹ rò ó wò. Ìlú tó bá ní ẹgbẹ̀rún ènìyàn, ó ṣeé ṣe kí ó ní márùn-ún nínú wọn, tí wọ́n sì lè máa fi wọ́n pamọ́ sí ẹ̀yìnkùlé. Itọ́ wọn kì í ranni. Oògùn wà fún wọn tí wọn yóò máa lò lójoojúmọ́, púpọ̀ nínú wọn sì lè lọ sí ilé ìwé bí ọmọ yòókù.

Kí ni kí ìyàwó Malete ṣe?

Kí ó tẹ́ ọmọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí itọ́ lè ṣàn jáde. Kí ó tú aṣọ tó fún un lọ́rùn. Kí ó gbé àdògán, òkúta àti fìtílà kúrò nítòsí. Kí ó má dì í mú, kí ó má fi ṣíbí sí i lẹ́nu, kí ó má bu omi tàbí oògùn sí i lẹ́nu títí yóò fi jí dáadáa. Ahọ́n tó gé díẹ̀ yóò san, ṣùgbọ́n ṣíbí lè kán eyín, omi sì lè gba ibi afẹ́fẹ́ lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró.

Kí ó wo aago. Aago tẹlifóònù tó o. Bí ìṣẹ́jú márùn-ún bá pé tí gìrì kò dúró, ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ má dúró de ilẹ̀ mímọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí gìrì bá mú un lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan náà, bí ọmọ kò bá jí, bí ọrùn rẹ̀ bá le, tàbí bí kò bá tíì pé oṣù mẹ́fà. Ó lè jẹ́ ibà tó ti wọ ọpọlọ, tàbí yírùnyírùn, àwọn méjèèjì sì lè pa ọmọ kíákíá. Bí gìrì bá tilẹ̀ dúró, ẹ ṣì gbé e lọ, kí wọ́n lè mọ ohun tó mú ara rẹ̀ gbóná.

Ìyàwó ilé wa yìí ti kọ́ ìwé kíkọ ní kíláàsì àgbà. Ó mú bírò, ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ báyìí:

Ara ọmọ gbóná láti ọ̀sán.
Gìrì mú un ní aago mẹ́sàn-án alẹ́.
Ó lo ìṣẹ́jú mẹ́ta.
Ọwọ́ méjèèjì ló ń gbọ̀n.
A kò fún un ní nǹkan kan mu.

Ẹ̀yin náà, ẹ kọ irú rẹ̀ sínú ìwé yín lónìí. Ẹ fi nọ́ńbà awakọ̀ tó lè gbé yín lóru sí ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Ní ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì ka ìwé náà, kò sì tún ní láti béèrè púpọ̀. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ. Ibà ni. Wọ́n fún un ní oògùn ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n padà délé, ìyá àgbà bi wọ́n pé,

“Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tí wọ́n pín fún wa ńkọ́?”

Ìyàwó wo ilẹ̀.

“Ìyá mi, àwa la fi í bo ẹ̀fọ́ lẹ́yìn ilé.”

“Ẹ lọ tú u wá,” ni ìyá àgbà wí. “Kí adìyẹ máa jẹ ẹ̀fọ́ náà.”