Ẹran Ìgbẹ́ Lórí Ilẹ̀ Ẹni: Ta Ni Ó Ni Àgbọ̀nrín?

 

Ìbéèrè kan ni ó bí àròkọ yìí. Bàbá kan tí wọ́n ní oko ẹ̀wà ńlá ní agbègbè Borgu, ní ìpínlẹ̀ Niger, kọ̀wé pé àgbọ̀nrín kan máa ń wọ oko àwọn lóru láti jẹ ewé ẹ̀wà. Ní ìdájí ọjọ́ kan, ọ̀dọ́mọkùnrin ọdẹ kan tí wọ́n jọ ń kírun ní mọ́sálásí kan náà wọ oko yìí láìtọrọ àyè, ó yìnbọn sí ẹran náà, ó sì gbé e lọ. Bàbá ní ìdajì ẹran tọ́ sí àwọn, nítorí orí ilẹ̀ àwọn ni ó kú sí, ẹ̀wà àwọn ni ó sì fi sanra. Ọdẹ ní ẹni tí ó pa á ni ó ni ín. Láti ìgbà náà, àwọn méjèèjì kì í kí ara wọn mọ́ lẹ́yìn ìrun. Bàbá tún béèrè pé bí àwọn bá sọgbà yí ilẹ̀ náà ká, tí àwọn sì ń sin àgbọ̀nrín sínú rẹ̀, ṣé àwọn lè máa yìnbọn pa á bí ẹran ọdẹ? Ìbéèrè méjì ni, ṣùgbọ́n gbòǹgbò kan ni wọ́n ní: ìgbà wo ni ẹran ìgbẹ́ ń di ti ènìyàn?

Nínú Sūratul-Mā'idah ni Ọlọ́hun ti ṣe ẹran ọdẹ ní ẹ̀tọ́ fún wa (āyah 1 sí 4), tí Ó sì ka ẹran ọdẹ orí ilẹ̀ léèwọ̀ fún ẹni tí ó wà nínú ihrām (āyah 94 sí 96). Kò sí ibi tí a ti so ẹ̀tọ́ yìí mọ́ níní ilẹ̀. Lọ́dọ̀ àwọn onímímọ̀, mubāḥ ni ẹran ìgbẹ́, èyí ni pé kò sí ní ìkáwọ́ ẹnikẹ́ni títí ọwọ́ ẹnìkan yóò fi tẹ̀ ẹ́. Shaykh Khalīl, ẹni tí Mukhtaṣar rẹ̀ jẹ́ òpó fún mazhab Mālikī ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, fi í fún ẹni tí ó bá kọ́kọ́ mú un, kódà bí ẹlòmíràn ni ó kọ́kọ́ rí i.

Al-Marghīnānī, onímímọ̀ Hanafī tí ó kú ní ọdún 593 Hijrah (1197), sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ó dé Borgu. Nínú al-Hidāyah, ó ka ẓaby, ẹran tí ó jọ àgbọ̀nrín wa, tí ó fi ilẹ̀ ẹnìkan ṣe ibùba, mọ́ ohun tí ó jẹ́ ti ẹni tí ó bá mú un. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹyẹ tí ó pamọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n oyin tí ó wà lórí ilẹ̀ náà, ti onílẹ̀ ni, nítorí wọ́n kà á mọ́ èso ilẹ̀. Bí ó bá jẹ́ afárá oyin ni ọ̀dọ́mọkùnrin wa gé, ẹjọ́ ìbá yí padà.

Ẹni tí ó bá gbẹ́ ọ̀fìn tàbí tí ó dẹ pàkúté, tirẹ̀ ni ohun tí ó bá kó sí i. Bàbá kò ṣe èyí. Ẹ̀wà ni wọ́n gbìn, wọn kò dẹ ohunkóhun. Ní ti ẹ̀wà tí ẹran náà jẹ, bí ó bá ṣe pé ewúrẹ́ ni, a ó wá ẹni tí ó ni ewúrẹ́. Àgbọ̀nrín kò ní olúwa tí a lè pè lẹ́jọ́.

Èyí kò wẹ ọdẹ mọ́. Wíwọ oko onítọ̀hún láìgbàṣẹ kò tọ́, ebè tí ó bá sì tẹ̀ mọ́lẹ̀ di gbèsè lọ́rùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀, ọ̀tọ̀ ni ẹran.

Ọ̀rọ̀ ọgbà ni ó le jù, mo sì rí i pé ọ̀pọ̀ àwọn tí ń sin ẹran ìgbẹ́ lónìí kò bìkítà fún un. Ohun tí ó mú kí Ọlọ́hun gbà wá láyè láti fi ọfà tàbí ajá pa ẹran níbikíbi lára rẹ̀ ni pé ọwọ́ kò lè tẹ̀ ẹ́ láìsí wàhálà. Bí wàhálà yìí bá kúrò, àyè náà kúrò pẹ̀lú rẹ̀. Nítorí náà, àgbọ̀nrín tí a há mọ́ ọgbà kékeré, tí a lè dì mú, ọ̀bẹ ni ó kàn: kí á dúńbú rẹ̀ bí àgbò. Bí a bá yìnbọn pa á níbẹ̀, òkúǹbete ni. Ibn Abī Zayd al-Qayrawānī, tí ó kú ní ọdún 386 Hijrah (996), ti fi hàn nínú Risālah pé a kì í fi ọ̀nà ọdẹ jẹ ẹran ọ̀sìn. Ṣùgbọ́n bí ọgbà bá fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹran lè sá lọ mọ́ni lọ́wọ́, lójú tèmi, ìdájọ́ ọdẹ ṣì wà lórí rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé olóko ni ó ni ín.

Bí èyí tí wọ́n ń sìn bá fo ọgbà ńkọ́? Khalīl dáhùn: bí ó bá ti padà di ẹhànnà, ti ẹni tí ó tún un mú ni; bí ìfaramọ́-ènìyàn bá ṣì wà lára rẹ̀, ti ẹni àkọ́kọ́ ni.

Ní ti ìbọn, ad-Dasūqī (ó kú ní 1230 Hijrah, 1815) ṣàlàyé pé kò sí ọ̀rọ̀ àwọn ẹni ìṣáájú lórí ọta òjé, nítorí àárín ọgọ́rùn-ún ọdún kẹjọ Hijrah ni ẹ̀tù ìbọn dé. Àwọn kan kọ̀ ọ́ nítorí wọ́n fi wé òkò amọ̀. Àwọn mìíràn, bí Ibn Ghāzī, gbà á nítorí pé ó ń da ẹ̀jẹ̀, ó sì ń yá pani. Èyí wà ní ìbámu pẹ̀lú ẹ̀gbàwá ʿAdiyy ọmọ Hātim, níbi tí Ànábì ti ya ohun tí ó gúnni wọlé sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ó kàn luni pa. Ìdajú rẹ̀ ni pé kí ọdẹ tètè dé ìdí ẹran, bí ẹ̀mí bá sì ṣì wà níbẹ̀ dáadáa, kí ó dúńbú rẹ̀. Bísímíláì sì pọn dandan nígbà tí a bá ń yìnbọn: ẹni tí ó gbàgbé kò ba ẹran jẹ́, ẹni tí ó mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ ti bà á jẹ́.

Kí olóko má sì gbàgbé òfin ìlú. Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1985 lórí àwọn ẹran tí ó ń kú tán ka pípa àwọn kan léèwọ̀ pátápátá, ó sì béèrè ìwé-àṣẹ fún àwọn mìíràn. Pé ilẹ̀ jẹ́ tẹni kò yọni kúrò lábẹ́ rẹ̀.

Mo kọ èsì sí bàbá pé ti ọdẹ ni ẹran, kò sí ìdajì fún wọn. Mo ní kí ọdẹ lọ bẹ̀ wọ́n fún oko tí ó wọ̀, kí ó sì san owó ebè. Mo wá ní kí wọ́n bá mi bi í bóyá ó ṣe bísímíláì kí ó tó yìnbọn, nítorí nínú gbogbo ìjà náà, ẹnikẹ́ni kò tíì béèrè ìyẹn.